Ọ̀tá Di Olólùfẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ìfẹ́ ní Scotland Ayé Ogun Bruce

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí Scotland ayé àtijọ́, àwọn méjì tí wọ́n ní ọ̀tá ni wọ́n kì í ṣe ọ̀tá rárá. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń jà. Ọkùnrin á ní obìnrin náà lágídí, obìnrin á ní ọkùnrin náà ń gbéraga, òjò á ká wọn mọ́ inú ahéré kan, ilẹ̀ á mọ́, ìjà á ti parí. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí à ń pe ẹbí jọ sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí òǹkàwé jókòó ti ìtàn yín di òru, gbèsè gidi ni kó wà láàárín àwọn méjèèjì: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n gbà, ìbúra tí wọ́n dà. Ìfẹ́ ò sì gbọdọ̀ pa gbèsè náà rẹ́. Ẹnì kan ní láti san án, kí òǹkàwé sì máa wò ó bó ṣe ń san án.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá, yálà ẹ ó máa gbé e jáde ní orí kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà ìwé odidi lẹ fẹ́ fi ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ọdún kan, kí ẹ sì mú ilẹ̀ kan

“Ayé àtijọ́” kì í ṣe ọdún. Láàárín 1100 sí 1500, ẹni tó ni ilẹ̀ yí padà ní Scotland, èdè yí padà, irú ilé tí àwọn ọlọ́lá ń kọ́ náà yí padà. Bí ìtàn yín bá wáyé ní àwọn erékùṣù ìwọ̀ oòrùn ṣáájú 1266, ọba Norway ni olórí wọn níbẹ̀, torí ọdún yẹn ni àdéhùn Perth fi àwọn erékùṣù náà lé Scotland lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ìjà ìdílé sí ìdílé lẹ ń wá, ẹ wo 1396, nígbà tí ọgbọ̀n ọkùnrin láti ìdílé kan dojú kọ ọgbọ̀n láti ìdílé kejì ní pápá North Inch ní Perth, tí Ọba Robert Kẹta jókòó, tó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pa ara wọn. Ogun Harlaw ti 1411 náà wà níbẹ̀. Ẹnubodè Scotland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dára, àmọ́ ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn.

Èyí tó wù mí jù, tí n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ dé òpin, ni agbègbè Buchan ní àríwá ìlà oòrùn Scotland, láti 1308 sí 1318. Ohun tó fà á rèé. Ní 1286, Ọba Alexander Kẹta ń gẹṣin lóru nítòsí Kinghorn, ó ṣubú, ó kú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó yẹ kó jọba kú ní 1290 kó tó dé ilẹ̀ náà. Wọ́n ní kí Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, wá bá wọn dá ẹjọ́ oyè. Ó fi John Balliol jọba ní 1292, nígbà tó sì di 1296 òun fúnra rẹ̀ kó ogun wọlé. Láàárín ìdààmú yìí, ìdílé méjì ló lágbára jù: Bruce àti Comyn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì 1306, Robert Bruce pa John Comyn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Greyfriars ní Dumfries. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n dé e ládé ní Scone.

Láti ọjọ́ yẹn, ogun di méjì nínú ẹyọ kan: Scotland ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, ará Scotland náà sì ń bá ará Scotland jà. Mọ̀lẹ́bí ẹni tí wọ́n pa, tí òun náà ń jẹ́ John Comyn, ló jẹ́ earl, ìyẹn olóyè ńlá tó ń ṣàkóso agbègbè, ní Buchan. Bruce ṣẹ́gun rẹ̀ nítòsí Inverurie ní 1308, ó wá rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ káàkiri Buchan, wọ́n sun oko, wọ́n sun abà, wọ́n pa ẹran ọ̀sìn, wọ́n pa ènìyàn. Akéwì kan ní Aberdeen, tó kọ̀wé ní nǹkan bí 1375, sọ pé àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn ṣì ń dárò rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 1314, lẹ́yìn ogun Bannockburn, ìgbìmọ̀ ọba jókòó ní Cambuskenneth, wọ́n sì kéde pé ẹnikẹ́ni tí kò bá wá tẹrí ba fún Bruce ti pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ ní Scotland. Ẹ rí i? Ilẹ̀ tó jóná, ilẹ̀ tí ọba gbà, ilẹ̀ tí ọba fún ẹlòmíràn. Ìtàn ti ń bọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ gbèsè náà sílẹ̀

Kí ẹ tó kọ orí kìíní, ẹ mú bébà kan. Lábẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ẹ kọ ohun tí ará ilé ẹnì kejì ṣe sí i, ohun tí ará ilé tirẹ̀ ṣe sí ẹnì kejì, àti ohun tí kò tíì mọ̀. Ohun tí kò tíì mọ̀ yìí ni ọkọ̀ tó máa gbé ìtàn náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi orí ara mi dá àwọn méjì sílẹ̀. Mariota jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún ní 1315. Bàbá rẹ̀ sin earl Buchan, ó sì bá ogun Gẹ̀ẹ́sì dó ti ilé olódi Kildrummy ní 1306. Wọ́n sun ilé wọn ní 1308. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú sínú ebi ìgbà òtútù ọdún náà. Thomas wá láti Lothian ní gúúsù, ó jẹ́ jagunjagun ẹlẹ́ṣin nínú ẹgbẹ́ Bruce. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú Kildrummy nígbà tí wọ́n gbà á, wọ́n sì yẹgi fún un. Ní 1315, Thomas dé pẹ̀lú ìwé ọba lọ́wọ́: ilẹ̀ bàbá Mariota ti di tirẹ̀.

Ohun tí Thomas ò mọ̀ ni pé bàbá Mariota wà lára àwọn tó dó ti Kildrummy. Ohun tí Mariota ò mọ̀ ni pé Thomas wà lára àwọn tó gbé iná ní 1308. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó mọ́ nínú ìran méjèèjì. Bí ẹ bá fi gbogbo ẹ̀bi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìtàn ìdáríjì lẹ ń kọ. Ìyẹn náà dára, àmọ́ kì í ṣe ìtàn ọ̀tá méjì.

Gbèsè ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àkànlò ọ̀rọ̀ lásán níbẹ̀. Òfin àtijọ́ Scotland ní iye tí wọ́n ń san fún ẹ̀mí: màlúù 1,000 fún ọba, 16 fún àgbẹ̀. Edward Kìíní gbìyànjú láti fi òpin sí òfin náà ní 1305, ṣùgbọ́n àṣà pé kí apànìyàn san nǹkan fún ẹbí òkú, kí wọ́n sì gbà á ní gbangba, wà pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tọ́jú iye yìí. A ó lò ó lápá ìparí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní irú ìpín báyìí kò lè ṣẹlẹ̀, ẹ rán an létí Isabella, ìyàwó earl Buchan kan náà. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀tá Bruce. Òun gan-an ló lọ sí Scone lọ dé Bruce ládé ní 1306, torí ìdílé bàbá rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ náà. Nígbà tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́, inú àgò ni wọ́n tì í mọ́ ní ilé olódi Berwick.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ há wọn mọ́ ibì kan

Ọ̀tá tó bá rí ọ̀nà lọ á lọ. Ìwé yín gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn, kí ìdí tí wọ́n fi tì í sì bá àkókò náà mu. Ogun lè dó ti ilé, kí ẹnì kankan má lè jáde: ní 1338 Agnes Randolph di ilé olódi Dunbar mú fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, tí ogun Gẹ̀ẹ́sì fi sú, tí wọ́n sì kúrò. Ènìyàn lè jẹ́ ìdógò fún àdéhùn, tàbí ẹlẹ́wọ̀n tí ẹbí rẹ̀ ń wá owó ìràpadà. James Kìíní wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti 1406 títí di 1424. Ewì gígùn kan tí wọ́n sọ pé òun ló kọ ọ́ sọ bí ẹlẹ́wọ̀n kan ṣe yọjú lójú fèrèsé tó rí ọmọbìnrin kan nínú ọgbà. James sì fẹ́ Joan Beaufort láti ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tí wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pa James ní Perth ní 1437, Joan fara gbọgbẹ́, ó bọ́, kò sì sinmi títí tí wọ́n fi pa àwọn tó pa ọkọ rẹ̀.

Èyí tí mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ni ti Marjorie, obìnrin tó ni agbègbè Carrick. Ní nǹkan bí 1271, ọkọ rẹ̀ ti kú sí Acre lójú ogun ẹ̀sìn. Òpìtàn John Fordun sọ pé ó pàdé Robert Bruce kan nínú igbó níbi tó ti ń ṣọdẹ, ọkùnrin náà fẹ́ máa lọ, Marjorie fúnra rẹ̀ di ìjánu ẹṣin rẹ̀ mú, ó mú un lọ sí ilé olódi Turnberry, kò sì jẹ́ kó lọ títí tí wọ́n fi fẹ́ra. Inú bí ọba nítorí kò gba àṣẹ, ó gba Turnberry lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó san owó ìtanràn. Bruce tó di ọba lẹ́yìn náà, ọmọ àwọn méjèèjì yìí ni. Nítorí náà, kò pọn dandan kó jẹ́ ọkùnrin ni yóò máa jí obìnrin gbé nínú ìtàn yín. Ìtàn fúnra rẹ̀ ti gbà yín láyè.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun tó há Mariota àti Thomas mọ́ra wọn ni òfin àti èdè. Bí ọmọbìnrin tó jogún ilẹ̀ kò bá tíì lọ́kọ, olúwa ilẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ẹni tí yóò fẹ́. Ó lè fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ó lè tà á fún ẹlòmíràn. Ọba ti fún Thomas ní àṣẹ yìí mọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gaelic ni àwọn àgbẹ̀ Buchan ń sọ, Thomas ò gbọ́ ju Inglis, irú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní gúúsù Scotland, àti Faransé lọ. Mariota gbọ́ Gaelic, ó sì mọ Faransé díẹ̀ láti ilé earl. Òun ló wá di ògbufọ̀. Thomas ní agbára lórí ara Mariota. Mariota ní agbára lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń wọ etí Thomas. Ẹ wá irú ìwọ̀n yìí nínú ìtàn tiyín. Bí agbára bá wà lápá kan ṣoṣo, òǹkàwé tó bá lóye á pa ìwé náà dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yọ ohun tí kò sí níbẹ̀ kúrò

Èyí ò ní pẹ́. Kò sí kilt. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dì mọ́ ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé, àṣà pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tartan (irú ìlà aláwọ̀ lára aṣọ) tirẹ̀ sì jẹ́ ohun ayé òde òní. Ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ gígùn àti ìbora onírun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀ fún wọn. Kò sí pòtétò, kò sí tíì, kò sí fọ́ọ̀kì. Ọtí whisky: 1494 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó pẹ́ jù tí a rí, torí náà ọtí ọkà ni ẹ gbé sọ́wọ́ àgbẹ̀, kí olúwa ilẹ̀ mu wáìnì láti Gascony bí ọkọ̀ ojú omi bá dé. Oúnjẹ wọn ni àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà oats ṣe, ọkà bálì, wàràkàṣì, ẹja salmon. Iná àárín ilé ni, èéfín rẹ̀ á sì máa ta ojú, torí erùpẹ̀ àbàtà gbígbẹ ni wọ́n ń dá sí i.

“Ẹ̀tọ́ òru àkọ́kọ́”, èyí tí wọ́n ní olúwa ilẹ̀ fi ń kọ́kọ́ bá ìyàwó gbogbo àgbẹ̀ sùn, irọ́ ni. Kò sí ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ má lò ó.

Ìmọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní Buchan ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Nínú oṣù Kẹfà, òkùnkùn kì í ṣú tán. Ìgbà òtútù ni kí ẹ fi há wọn mọ́lé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi tú àṣírí, nígbà tí kò síbi tí ènìyàn lè fi ojú pamọ́ sí. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1315, tó ba ọkà jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti káàkiri àríwá Yúróòpù tí ìyàn ńlá fi mú, wà lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló máa jẹun nígbà tí ọkà ò tó? Ìbéèrè yẹn lágbára ju idà lọ nínú ìtàn ìfẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọkàn wọn ń yí, díẹ̀díẹ̀

Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní orí àkọ́kọ́ títí dé ìkẹfà tàbí ìkeje, kò sí ohun rere tí Thomas lè ṣe tí Mariota ò ní rí burúkú nínú rẹ̀. Ó fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn: ó fẹ́ rà wọ́n ni. Ó tún abà kọ́: ilé ara rẹ̀ ló ń kọ́. Àwíjàre Mariota gbọ́dọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ máa ṣiyèméjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìran kan tí ọ̀tá náà pa òdù ọ̀yà lójú rẹ̀ gbangba. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe kó yọ ọ́ nínú odò o. Gbogbo ènìyàn ló ń yọ obìnrin nínú odò. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tó ná an ní nǹkan. Thomas jókòó níbi ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ogun rẹ̀ kan gba màlúù àgbẹ̀ kan. Mariota ń túmọ̀. Thomas dá ẹjọ́ fún àgbẹ̀. Ọmọ ogun náà bínú, ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ni Thomas nílò ọmọ ogun gidigidi nígbà náà. Mariota ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ìdájọ́ yẹn kí ó tó sọ ọ́ di Gaelic. Kò yìn ín. Kò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó yí padà kéré: láti ìgbà tó ti ń túmọ̀, ó ti máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ Thomas díẹ̀ kó lè le ju bó ṣe sọ ọ́ lọ, kí àwọn àgbẹ̀ lè kórìíra rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi òun àti òǹkàwé.

Thomas náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ó kọ́ Gaelic díẹ̀díẹ̀ láìsọ fún un, ọjọ́ kan dé tó wá mọ̀ pé ó ti ń purọ́ fún òun. Inú bí i, ó ṣe ìṣirò irọ́ náà padà sẹ́yìn, ó wá rí i pé ọ̀kan nínú wọn ló jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ okùn, àwọn tí ì bá ti fi ìbínú pa, tí ì bá sì kábàámọ̀. Kí ló máa ṣe sí ẹni tó tan òun jẹ, tó sì gba òun lọ́wọ́ ara òun? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún odidi orí kan. Kó mọ̀, kó má sọ, kó máa wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ ó rí i pé ibi kan náà ni ọ̀wọ̀ ti wọ ọkàn àwọn méjèèjì: ibi iṣẹ́ ògbufọ̀. Ẹ wá irú ibi bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn yín, iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣe lójoojúmọ́, tí ìkórìíra lè gbà wọ inú rẹ̀, tí ọ̀wọ̀ sì lè gbà jáde níbẹ̀. Ìkòkò tí ẹ bá pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú kò lè sebẹ̀ jinná.

Ìfẹ́ ara ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀wọ̀. Nígbà tó bá dé, ẹ fi ohun tó wà nínú ilé náà kọ ọ́: ìbora tó tutù, òórùn èéfín lára irun, ọwọ́ tó ń gba ife láìfẹ́ kan ìka ẹnì kejì. Èmi ò ní gbà kí wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu kí ìtàn tó dé ìdajì. Bí wọ́n bá sì ti ṣe é, ẹ fà wọ́n sẹ́yìn kíákíá, pẹ̀lú ìdí tó lágbára. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdí náà ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí Thomas bá fẹ́ Mariota, kò sẹ́ni tó tún lè bá a du ilẹ̀ náà mọ́ láéláé. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó bá sọ lè jẹ́ ìfẹ́, ó sì lè jẹ́ ìwé ilẹ̀. Mariota ò lè mọ̀. Nígbà mìíràn Thomas fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn irú èyí tí òǹkọ̀wé sá fún ìbéèrè yìí, tó kàn ní kí ọkùnrin náà búra pé ìfẹ́ nìkan ni. Ìbúra ò tó. Ìwé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọwọ́ ẹlòmíràn kí obìnrin náà tó lè gbà á gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀

Yorùbá fún yín ní irinṣẹ́ kan níbí tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣòfò. Lọ́jọ́ tí Thomas dé, Mariota pè é ní “o” lójú gbogbo àgbẹ̀: “Ta ló rán ọ wá?” Àbùkù ni. Thomas fi “ẹ” dá a lóhùn, àbùkù tó le ju tirẹ̀ lọ ni, torí ó sọ ọ́ di ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́. Nígbà tó bá yá, ẹ jẹ́ kí Mariota máa pè é ní “ẹ” tìmẹ̀tìmẹ̀, ní tútù, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, lóru ọjọ́ kan, “o” padà wá sí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe “o” ti ọjọ́ kìíní mọ́. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀. Òǹkàwé á gbọ́ ọ. Inglis tí Thomas ń sọ nígbà náà ní irú ìyàtọ̀ yìí, Faransé náà ní i, torí náà kò sí pé ẹ ń fi ti wa kọ́ wọn lọ́rùn.

Ẹ yẹra fún ọ̀rọ̀ ìgboro Èkó òde òní nínú èébú wọn. Wọ́n ń fi ẹni mímọ́ búra: Andrew, Ninian, Columba. Ọjọ́ wọn náà ń tẹ̀ lé àjọ̀dún ẹni mímọ́. Martinmas, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá, ni wọ́n ń san owó ilẹ̀, ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń pa màlúù tí wọn ò lè bọ́ lásìkò òtútù. Obìnrin Scotland kì í ju orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ nù nítorí ó lọ́kọ: Mariota á máa jẹ́ orúkọ ọ̀tá nínú ilé Thomas títí tó fi kú. Ẹ lo ìyẹn. Àwọn olórí Gaelic sì ní akéwì tó ń ka ìran bàbá wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ oríkì rí mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí akéwì bá dé orúkọ kan, tó dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìgbéyàwó àti ibùsùn

Òfin ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà náà ṣe òǹkọ̀wé lóore. Ohun tó ń so tọkọtaya ni ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá sọ fún ara wọn pé “mo fi ọ́ ṣe ọkọ mi, mo fi ọ́ ṣe aya mi” nísinsìnyí, wọ́n ti di tọkọtaya, bí kò tilẹ̀ sí àlùfáà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bínú sí ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀. Èyí tí wọ́n bá sì fi ipá tàbí ìbẹ̀rù ńlá so lè tú. Láti 1215, wọ́n fi òfin lélẹ̀ pé ìbátan kò gbọdọ̀ fẹ́ra títí dé ìran kẹrin, àfi bí Póòpù bá yọ̀ǹda. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá ń kọ sí Póòpù, àwíjàre kan wọ́pọ̀: ìgbéyàwó yìí ni yóò dá ìtàjẹ̀sílẹ̀ dúró láàárín ìdílé méjèèjì. Ẹ fojú inú wò ó bí Mariota ṣe jókòó ti akọ̀wé tó ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí Avignon, níbi tí Póòpù ń gbé nígbà náà, tó ń gbọ́ orúkọ àbúrò rẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni pé ìdí fún ìgbéyàwó ni.

Tocher, ohun ìní tí ilé ìyàwó ń kó fún ọkọ, jẹ́ òdì kejì ìdáná tiwa; ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣèṣì kọ owó orí síbẹ̀. Opó ní ẹ̀tọ́ sí ìdá mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ fún ìgbà ayé rẹ̀, torí náà obìnrin tó ń ronú nípa ìgbéyàwó ń ronú nípa ilẹ̀ náà, kò sì burú.

Ní ti ibùsùn: ṣọ́ọ̀ṣì gba ọmọ ọdún méjìlá láyè kó lọ́kọ. Ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ẹ fún obìnrin yín ní ogún ọdún ó kéré tán. Nítorí pé Thomas ní àṣẹ lórí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ kí Mariota lè kọ̀, kó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì rí i pé kíkọ̀ òun kò mú ìyà wá. Kó tó di pé ó fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ìfipábánilòpọ̀ tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ ìfẹ́ ti ba ọ̀pọ̀ irú ìtàn yìí jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àṣírí tú, wọ́n san gbèsè

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀tá kẹta wá tú àṣírí, èyíinì bọ̀rọ̀kìnní elétekéte tó ń jowú. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe tú u. Ọjọ́ ẹjọ́ mìíràn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ arúgbó kan ń jẹ́rìí lórí ààlà oko. Ó ní òun mọ ibi tí ààlà wà torí ibẹ̀ ni òun sápamọ́ sí lọ́dún tí wọ́n sun ìlú. Ó ṣàpèjúwe ẹni tó gbé iná: ẹṣin rẹ̀, ààmì tó wà ní iwájú orí ẹṣin náà, ohùn rẹ̀ tó ń fi Inglis pariwo. Mariota ń sọ ọ́ di Faransé, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, sí ojú ọkùnrin náà. Kó tó dé àárín ó ti mọ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni kó parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Kí ó má sunkún, kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n. Kí Thomas, tó ti gbọ́ Gaelic tán kó tó túmọ̀, jókòó kó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, lóòótọ́, àmọ́ “má bínú” ò lè pa èyí. Ẹ rántí àwọn màlúù. Thomas ní láti san owó ẹ̀jẹ̀ àbúrò Mariota ní gbangba, níwájú àwọn àgbẹ̀ kan náà, ní ọdún ìyàn tí màlúù ṣọ̀wọ́n, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, ní Gaelic, láìsí ògbufọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀: kó dá a padà sọ́wọ́ ọba, kó bẹ ọba kó tún un fún Mariota lórúkọ ara rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó wáyé rárá. Ó lè pàdánù ohun gbogbo. Ọba lè kọ̀. Obìnrin náà lè gba ilẹ̀ kó má gba ọkùnrin.

Mariota náà ní tirẹ̀ láti san. Ọ̀rọ̀ Kildrummy ṣì wà níbẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ pé bàbá òun wà lábẹ́ ògiri yẹn. Bó bá dákẹ́, òun ló borí. Kó sọ ọ́. Kó sọ ọ́ nígbà tí Thomas ti jẹ́wọ́ tirẹ̀ tán, tí kò sí ẹni tó béèrè. Lẹ́yìn náà ẹ rán Thomas lọ sí Berwick, tí àwọn ará Scotland gbà padà ní oṣù Kẹrin 1318, kí ẹ fi Mariota sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀, ìwé rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti má ṣí ilẹ̀kùn bó bá padà dé. Bó bá ṣí i, òǹkàwé á mọ̀ pé kì í ṣe torí pé kò ríbi lọ.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ka àwọn ìran tí àwọn méjèèjì ti wà pọ̀ nìkan, ní títẹ̀léra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá rí nǹkan kan kọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kí ó dùn tó.

Ẹ má sì fi “àlàáfíà jọba títí ayé” kádìí rẹ̀. Ní 1332, àwọn tí Bruce gba ilẹ̀ wọn padà wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ogun. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Beaumont, ọkọ Alice Comyn tó jẹ́ ọmọ àbúrò earl Buchan, ó ní Buchan tòun ni. Ó tún ilé olódi Dundarg kọ́ sí etí òkun Buchan, wọ́n sì dó tì í níbẹ̀ ní 1334 títí tó fi túúbá. Mariota á ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó ní ọmọbìnrin. Bí àwọn òǹkàwé bá ní kí ẹ kọ apá kejì, Dundarg ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.